Páálí Tí Mo Kọ MÀMÁ WA Sí Lára

Abẹ́rẹ́ mi, ọmọ mi àtàtà,

Ọ̀sẹ̀ yìí ni ó tó yé mi pé fóònù kì í gbé ẹrù. Láti ìgbà tí o ti bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù sínú rẹ̀, ohun tí mo gbà lọ́kàn ni pé bí mo bá ti tẹ ibi tí o ní kí n máa tẹ̀, tí ọkọ̀ kékeré yẹn bá jáde, tí ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú fóònù, apẹ̀rẹ̀ mi ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbé fóònù jẹ́jẹ́, tí n kì í jẹ́ kí bàbá rẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹrù ẹlẹ́rù má baà dà nù. Àfìgbà tí apẹ̀rẹ̀ kan sọnù, tí wọ́n sì fi àwòrán ilẹ̀kùn tí n kò mọ̀ rí hàn mí, ni mo wá mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara bíi tèmi ló ń gbé e, tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ń wá ẹni tó ni ín. Bó ṣe yé mi báyìí, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni àyà mi já. Fi ìdí kalẹ̀ kí n rò fún ọ.

Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ torí ìkánjú gbàgbé ìkíni, kí o má baà ní ọjà títà ti sọ ìyá rẹ di aláìlẹ́kọ̀ọ́. O kú iṣẹ́, o kú wàhálà, o kú òde àjò. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́, èyí tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta? Bá mi kí i. Àtẹ̀gùn ilé gíga tí o ti ń ṣiṣẹ́ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, àpótí onírin tó ń gbé yín lọ sókè kò ní há mọ́ ọ sí agbedeméjì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa dé ibi tí o rán an, kò ní yà sílé onílé. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Eékún rẹ̀ ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tiro bí àlejò bá wọlé, kí wọ́n lè kí i kú ìnira. Adìẹ dúdú yẹn, olóríkunkun, kì í yé síbòmíràn mọ́ àfi inú apẹ̀rẹ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán. Mo ya àwòrán apẹ̀rẹ̀ kan láìmọ̀ pé ẹyin wà nínú rẹ̀, oníbàárà kan sì bi mí bóyá ẹyin náà wà lára ohun tí òun ń rà. Mo ní rárá o, ti adìẹ ni, kó lọ bá adìẹ sọ̀rọ̀. Kò dá mi lóhùn mọ́.

O lè máa sọ pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọmọ mi, bí mo bá pè ọ́, n kì í tíì kí ọ dé ìdajì tí wàá ti ní Màmá, ẹ lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà, mo wà níbi iṣẹ́. Ìwé kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni. Bí o bá ń kánjú, gbé e sílẹ̀, kó o padà wá bá a, ibi tí o ti fi mí sílẹ̀ náà ni wàá bá mi.

Ọjà ń tà. Pankẹ́rẹ́ tí àwọn olùkọ́ fi ń lé yín kiri nígbà èwe náà ni mo ń hun tí àwọn ará òkèèrè ń pè ní ohun ẹlẹ́wà, tí wọ́n ń fún mi ní ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún. Bàbá rẹ ní kí n bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń já a, kó má di pé olówó rẹ̀ á wá ká a mọ́ wa lọ́wọ́. Láàárín ìyẹn ni màmá kan kọ̀wé sí mi láti ìlú tó wà ní òdìkejì odò. Ó ní apẹ̀rẹ̀ ìkókó lòun fẹ́, èyí tó ní ọwọ́ méjì àti òrùlé kékeré lókè orí, pé oyún ọmọ òun obìnrin ti wọ oṣù rẹ̀, àkọ́kọ́ ọmọ-ọmọ òun sì nìyí. Ó ní inú apẹ̀rẹ̀ tí ìyá àgbà bá rà lòun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ọmọ náà sí. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní hun ún tọkàntọkàn? Mo rẹ́ gbogbo ẹnu pankẹ́rẹ́ tó lè họ ọmọ lára, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á káàkiri, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ pa á, títí bàbá rẹ fi ní ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ tẹ́ síbẹ̀ ni.

Ìgbà tó kan àdírẹ́sì ni iṣẹ́ dé. O ti kọ́ mi, n kò gbàgbé: orúkọ, nọ́ńbà yàrá, nọ́ńbà ilé, òpópónà, ìlú, nọ́ńbà fóònù. Bó bá jẹ́ àwọn ọmọdé tó ń ra ọjà mi ni, mo máa ń kọ orúkọ wọn gàdàgbà, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ di ìyá àgbà! Ẹni tó jù mí lọ! Ta ni mí tí n óò fi kọ orúkọ àgbàlagbà sórí páálí, kí àwọn awakọ̀ máa kà á sókè bí olùkọ́ tó ń pe ọmọ ilé ìwé? MÀMÁ WA ni mo kọ, gàdàgbà gàdàgbà. Nọ́ńbà yàrá ńkọ́? Mo ní ìyẹn kò tiẹ̀ bójú mu rárá, yàrá tí àgbàlagbà ń sùn kì í ṣe ohun tí à ń kọ síta fún gbogbo ayé. Mo fò ó. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀, mo kọ ọ́ sí ìwé pélébé kan, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ nínú páálí, kí olè má baà rí i. Mo wá fi téèpù yí páálí náà po títí ó fi dà bí orí ẹni tó já bọ́ lórí igi. Orí mi wú. Mo ní báyìí ni ọmọlúàbí ṣe ń fi ẹrù ránṣẹ́.

Kánmọ́kánmọ́ ló wá gbé e. N kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ: òun ni ọkùnrin tó ń wá kó ẹrù lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọkọ̀ aláwọ̀ ọsàn, tó sì ń pín in fún àwọn oníbàárà lódìkejì odò. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí pé wọn kò tíì rí ọjọ́ tó kánjú. Ó rọra gbé páálí, ó rọra lẹ ìwé tó ní nọ́ńbà ẹrù mọ́ ọn, ó rọra lọ.

Nígbà tó yá, fóònù dún, ó ní ẹrù ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n sì fi àwòrán ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kan sí i, páálí mi jókòó síwájú rẹ̀ bí àlejò tó ń dúró kí wọ́n ní kó wọlé. Mo jó yíká àgbàlá. Ṣùgbọ́n aṣọ tí mo sá kò tíì gbẹ tí màmá yẹn fi kọ̀wé pé òun kò rí apẹ̀rẹ̀ kankan. Mo ní ó ti dé ẹnu ọ̀nà yín, Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò. Ó ní ilẹ̀kùn tòun funfun ni. Ó ní ọmọ òun lè bí nígbàkígbà, òun sì rò pé olóòótọ́ lòun ń bá ra ọjà. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju ẹnu pankẹ́rẹ́ lọ.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn tó ni ọjà inú fóònù ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Wọ́n ní oníbàárà ti pè mí lẹ́jọ́, kí n dáhùn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù á wà ní títì títí ayé. Mo sáré lọ wo ilẹ̀kùn iwájú ilé bóyá wọ́n ti fi àgádágodo sí i. N kò rí nǹkan kan, síbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé, torí òfin ni òfin, mo sì ní kí bàbá rẹ náà máa gba ẹ̀yìn. Ó ní ilé òun ni. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kó gba ẹ̀yìn.

Wọ́n ní kí n bá olùrànlọ́wọ́ wọn sọ̀rọ̀ nínú fóònù. Ọmọ yẹn, n kò mọ ẹni tó bí i, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó sùn. Ìgbàkígbà tí mo bá kọ̀wé, kí n tó mí, ó ti dáhùn. Mo kí i, mo béèrè àwọn òbí rẹ̀, mo ní ṣé ó ti fi nǹkan sẹ́nu. Ó ní kí n tẹ ení bí ẹrù bá sọnù, kí n tẹ èjì bí ó bá fọ́. Mo ní kó fara balẹ̀, mo ṣàlàyé láti orí oyún dé orí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Ó ní kò yé òun, kí n tẹ ení tàbí èjì. Mo tún un ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ọ nígbà tí ìṣirò bá ń le jù fún ọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ǹjẹ́ inú mi dùn sí ìrànlọ́wọ́ òun? Ọmọ ọlọ́mọ tí ojú ń pọ́n báyìí, ṣé mo wá lè sọ pé inú mi kò dùn, kí wọ́n lè lọ fìyà jẹ ẹ́? Mo fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, mo sì gbà á níyànjú pé kó máa sinmi. Kò ràn mí lọ́wọ́ rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí n fi ẹ̀rí ránṣẹ́, kí ó jẹ́ àwòrán. Ta ni ẹlẹ́rìí mi bí kò ṣe bàbá rẹ, tó jókòó tì mí nígbà tí mo ń hun ún, tó jókòó tì mí nígbà tí mo ń dì í? Mo ní kó lọ wẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó dé fìlà, ó dúró gbọnin lára ògiri, ó fi ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ wo fóònù. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní àwòrán náà kò fi ẹrù hàn. Áà, bàbá rẹ bínú! Ó ní láti ọjọ́ tóun ti dáyé, kò sẹ́ni tó wo ojú òun kó tó sọ pé ẹ̀rí òun kò pé. Títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn fi ṣú, bí fóònù bá ti dún, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí Kánmọ́kánmọ́ dé fún ẹrù mìíràn. Mo mú un jókòó, mo ní ìwọ ọkùnrin yìí, ta lo gbé apẹ̀rẹ̀ mi fún? Ó ní Màmá ni. Mo ní Màmá wo? Ó ní ṣé èmi ni mo ń bi òun? Ó ní òun dé ilé gíga kan, kò sí nọ́ńbà yàrá, kò sí fóònù tóun lè pè, MÀMÁ WA nìkan ni orúkọ tó wà lára páálí. Òun dúró ní ìsàlẹ̀, òun ké pe Màmá wa o, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ṣí, màmá kan yọjú, ó ní èmi rè é, ọmọ mi. Ó ní kí lòun ì bá tún ṣe? Kóun ní kó bí ọmọ kan lójú òun kóun tó gbà pé màmá ni? Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín bú sẹ́kún. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, torí ó ti yé mi: ọ̀wọ̀ tí mo ní ló sọ apẹ̀rẹ̀ náà nù.

Mo pe oníbàárà mi. Ó gbé fóònù pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti mú ọ̀pá lọ́wọ́. Mo kí i kú ìrètí, mo kí i kú àìsùn, mo ní ṣé ẹsẹ̀ ọmọ wa kò wú, ṣé ó ń rí oorun fẹ̀gbẹ́ kan sùn. Kí n tó dé orí apẹ̀rẹ̀, ọ̀pá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá bi í pé màmá mélòó ló wà nínú ilé yín, Mà? Ó ní ilé àwọn àgbà ni, gbogbo wọn ni màmá, àfi àwọn tó jẹ́ bàbá. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ ohun tí mo kọ sára páálí, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, kò tíì sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fún òun débi tí ẹrù òun fi sọnù. Ó ní kí n dúró, òun ń sọ̀ kalẹ̀ lọ gbà á.

Nígbà tó padà pè mí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó ní Màmá Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyá tó ń gbé ibẹ̀, ẹni tí kì í sábà jáde. Òun kò tíì kan ilẹ̀kùn tán tí ìyá náà fi fa òun wọlé, ó ní ẹ wá wo ohun tí ọmọ mi fi ránṣẹ́! Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ni, tó lọ sí ìlú ńlá, tí kò kọ̀wé, tí kò pè. Ó ní MÀMÁ WA ló kọ sí i lára, ta ló tún lè pe òun bẹ́ẹ̀? Ó ti gé ọ̀rọ̀ náà kúrò lára páálí, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì. Ó ti kó òwú tó fi ń hun aṣọ òtútù sínú apẹ̀rẹ̀, ológbò rẹ̀ sì ti sùn fọnfọn lórí òwú náà, lábẹ́ òrùlé tí mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ pa. Lẹ́yìn náà ló yọ ìwé pélébé kan jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní nọ́ńbà fóònù ọmọ òun rè é, ojú òun ló ń ṣe bàìbàì, kí ẹ bá òun pè é kóun lè dúpẹ́. Oníbàárà mi wo ìwé náà. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni, ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Fóònù rẹ̀ sì wà nínú àpò aṣọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí irọ́ jáde lẹ́nu òun: ó ní kò sówó nínú fóònù, òun ń bọ̀, ó sì sáré gun àtẹ̀gùn bí ọmọdé.

Ó ti ní òun kò gba apẹ̀rẹ̀ yẹn mọ́. Ó ní ọmọ tó ń bọ̀ yìí kò ní jẹ ohun tó wà lẹ́nu àgbàlagbà, kí n hun òmíràn kíákíá. Mo ti hun ún dé òrùlé. Kánmọ́kánmọ́ ti búra pé òun máa sáré lọ́tẹ̀ yìí, bàbá rẹ ní òun á jókòó sínú ọkọ̀ kóun lè fi ojú ara òun rí i. Orúkọ, nọ́ńbà yàrá, nọ́ńbà fóònù, gbogbo rẹ̀ ni n óò kọ síta gbangba, kí àgbà dárí jì mí.

O ti ń retí ibi tí n óò ti béèrè owó. N kò béèrè lónìí, àfi bí ó bá wà níbẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Téèpù ni kó o fi ránṣẹ́, èyí tó fẹ̀, tí kì í ya níbi tí a kò ní kó ya. Sì bá mi wò yíká: ìlú ńlá ni wọ́n ní ọmọ Màmá Ìsàlẹ̀ wà, ìlú ńlá náà ni ìwọ wà, ẹ ò lè ṣàì máa pàdé. Ìyá rẹ̀ ní ó ga, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Bí o bá rí i, sọ fún un pé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti dé, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ohun rere tí o kò fi ránṣẹ́ pàápàá á máa jẹ́ orúkọ rẹ, ilẹ̀kùn tí o bá kàn á ṣí, nílé lóko, ẹni tó ń dúró dè ọ́ kò ní dúró títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìlú yẹn kò ní gbé ọ mì.

Ṣùgbọ́n kí n tó lẹ àpò lẹ́tà yìí, gbà mí nímọ̀ràn, torí ọ̀sẹ̀ ń parí lọ. Ìbéèrè kan péré ló kù lójú fóònù, àwọn tó ti ṣọ́ọ̀bù sì ń retí ìdáhùn: ṣé ẹrù dé ọwọ́ ẹni tó ni ín? Bí mo bá tẹ rárá, wọ́n ní àwọn á rán ènìyàn lọ gba apẹ̀rẹ̀ náà padà ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Bí mo bá tẹ bẹ́ẹ̀ ni, mo parọ́. Bàbá rẹ ní irọ́ kọ́, pé màmá ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, màmá ló gbà á. Oníbàárà mi ní kí n tẹ bẹ́ẹ̀ ni, òun á jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n òun náà ń bẹ̀rù, torí lójoojúmọ́ ni Màmá Ìsàlẹ̀ ń bi í bóyá owó ti wọ fóònù. Ìwọ tí o mọ̀wé, tí ìyá tìrẹ náà ń jókòó ti fóònù nírọ̀lẹ́: èwo ni kí n tẹ̀, kí sì ni kí á sọ fún un nígbà tó bá tún ní kí wọ́n bá òun pe ọmọ òun?